Ẹ Jẹ́ Kí Ojú Yín Ṣiṣẹ́ Ju Ẹnu Yín Lọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí kò ní yéé bi yín: "Kí lẹ kọ́ ọmọ mi lónìí?" Òun ló máa ń mú kí tíṣà tuntun sáré gbé bébà àti pẹ́ńsù síwájú ọmọ, kó ṣáà lè rí nǹkan fi hàn. Ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù òbí lé yín débẹ̀. Ohun tí ẹ rí nídìí eré ni kí ẹ sọ fún un. Àmọ́ ẹni tó máa sọ ọ́ gbọ́dọ̀ ti rí i ná, rírí yẹn gan-an ló sì ṣòro jù nínú iṣẹ́ wa.

Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́ta nídìí abọ́ omi. Ó da omi láti inú ife gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ife kúkúrú fífẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, ó tún dà á padà. Ojú rẹ̀ le koko bí ẹni tó ń ka owó. Bí ẹ bá bi í, ó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé omi inú ife gígùn ló pọ̀ jù. Kò burú. Jean Piaget, onímọ̀ ará Switzerland, fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń tó bí ọdún mẹ́fà tàbí méje kó tó dá wọn lójú pé omi kan náà ni. Àlàyé yín kò lè sáré là á yé e. Dídà àti dídà padà ni yóò là á yé e. Ẹni tó bá wá já lù ú pé "Àwọ̀ wo nìyí? Mélòó nìyí?" ti da iṣẹ́ ọmọ rú. Ẹ jókòó tì í. Bó bá gbójú sókè wò yín, ẹ sọ pé, "Ó kún o!" Ó tó.

Ṣùgbọ́n ẹ má dìde kúrò nídìí omi yẹn. Omi tí kò jìn rárá lè pa ọmọdé, kì í sì í pariwo. Ní ti ohun ìṣeré, èyí tó bá lè gba inú páálí róbótó àárín tíṣù kọjá ti kéré jù fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ó lè há a lọ́fun.

Àwọn ọmọ ọdún méjì yóò jókòó pọ̀, kálukú yóò máa ṣe tirẹ̀. Mildred Parten, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti kọ nípa irú eré yìí láti 1932. Wọn kì í ṣe anìkànjọpọ́n, ẹ má fipá mú wọn pín nǹkan. Ẹ wá ohun ìṣeré kan náà ní méjì-méjì, ìjà yóò dín kù.

Ọ̀gá kan lè wọlé kó ní, "Ṣé eré náà ni wọ́n á máa ṣe títí?" Ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé bọ́ọ̀lù àti igi gígé wà lára ohun tí Friedrich Froebel fi kọ́ ọmọ ní Jámánì, ẹni tó dá ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1837. Abala 31 nínú àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti 1989, sì ka eré mọ́ ẹ̀tọ́ wọn.

Ó ku ìtọ́jú, tí àwọn kan ń pè ní iṣẹ́ ìdọ̀tí. Ní tèmi o, kò síbi tí ọmọ ọdún kan ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó bí ibi tí a ti ń pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀: ojú yín nìkan ló ń wò, ọ̀rọ̀ yín nìkan ló ń gbọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó ṣe é: "Mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè o." Kí ẹ wá dúró díẹ̀. Láìpẹ́ yóò máa gbé e sókè fúnra rẹ̀. Bí ọmọ bá pọ̀ tí àkókò kò sì tó, ẹ gé orin òwúrọ̀ kúrú, ẹ má gé èyí.