Ẹnubodè Kétu àti proxy

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé sídìí iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ bí a ṣe ń darí ohun tó ń jáde gba ọ̀dọ̀ proxy, ẹ̀rọ alárinà tó ń bá àwọn yòókù jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó tó gba oorun lójú yín bó ṣe gbà á lójú mi.

Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ní Kétu níbí, proxy kan ṣoṣo tó ń lo ìlànà SOCKS5 la fi ń jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní port 1080. Ètò tí akọ̀wé owó ń lò kò ní ibi tí èèyàn lè kọ àdírẹ́sì proxy sí. Mo bá fi proxychains, ètò tó ń darí ètò mìíràn gba ọ̀dọ̀ proxy, ṣáájú rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá pé ó ti parí.

Kò tíì parí rárá. LD_PRELOAD, tó ń jẹ́ kí a gbé àkójọ iṣẹ́ tiwa wọlé ṣáájú àwọn yòókù, ni proxychains fi ń dúró sáàárín ètò àti libc, àkójọ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ètò fi ń bá kernel (ọkàn Linux) sọ̀rọ̀: bí ètò bá ké sí connect láti so mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, òun ló máa kọ́kọ́ gbọ́, á sì darí rẹ̀ sọ́dọ̀ proxy. Àmọ́ ètò tí wọ́n fi èdè Go kọ sábà máa ń bá kernel sọ̀rọ̀ tààrà láìyà sọ́dọ̀ libc. Irú rẹ̀ kan wà lórí ẹ̀rọ wa, ó sì ń lọ tirẹ̀ bí ẹni pé mi ò ṣe nǹkan kan. Ping náà kò sí níbẹ̀, nítorí kì í lo TCP. TCP nìkan ni proxychains ń darí.

Ti DNS, tó ń sọ orúkọ di àdírẹ́sì, ló dùn mí jù. Orúkọ ẹ̀rọ inú ọ́fíìsì kò tètè ṣí, mo bá fi àmì # síwájú ìlà proxy_dns nínú fáìlì proxychains, kó má ṣiṣẹ́ mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ṣí tcpdump, tó ń fi ohun tó ń kọjá hàn, sórí port 53 tí DNS ń gbà: orúkọ gbogbo ibi tí a ń lọ ń jáde síta lọ́kọ̀ọ̀kan, gbangba. Ara mi bù máṣọ. Bẹ́ẹ̀ SOCKS5, láti inú ìwé ìlànà rẹ̀, RFC 1928 ti 1996, gbà kí a fi orúkọ ránṣẹ́ bó ṣe wà, kí proxy fúnra rẹ̀ wá àdírẹ́sì rẹ̀.

Mo ń gba ìdí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, kọjá lọ sílé ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Àwọn baba wa kò fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wa yàrà yí ìlú ká, wọ́n sì ń ṣọ́ ibodè. Ohun tí iptables, tí a fi ń ṣe òfin fún ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde lórí Linux, ń ṣe nìyẹn. Òfin REDIRECT nínú tábìlì nat, ní OUTPUT tí ohun tó ń jáde látinú ẹ̀rọ ń gbà, á gbé gbogbo TCP tó fẹ́ jáde fún redsocks, ètò kékeré tó ń fi í ránṣẹ́ sí proxy. Redsocks á fi SO_ORIGINAL_DST bi kernel pé níbo lèyí ń lọ tẹ́lẹ̀, á sì sọ fún proxy. Ètò kankan kò ní mọ̀, ì báà jẹ́ Go ni wọ́n fi kọ ọ́.

Kí ẹ tó kọ òfin yẹn, ẹ kọ́kọ́ yọ redsocks fúnra rẹ̀ kúrò lára ohun tí òfin náà máa mú: ẹ fún un ní orúkọ oníṣe (user) tirẹ̀, kí ẹ sì fi --uid-owner dá a mọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó bá rán sí proxy á tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀, yóò máa yípo. Ẹ yọ 127.0.0.0/8, àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé pẹ̀lú. DNS tó ń gba UDP, tí kì í ṣe TCP, kò sí nínú òfin yìí, ẹ ṣètò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún ṣí tcpdump. Àdírẹ́sì tó bá jáde síta tí kì í ṣe ti proxy, ẹ má sùn títí ẹ ó fi mọ ètò tó rán an.