Títọpa ìdílé Sàró láti Lọ́ńdọ̀nù: ẹ má gbára lé orúkọ òyìnbó

Ọmọ Èkó tó ń jẹ́ Williams, Cole tàbí Johnson pọ̀ nílùú ọba. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Sàró, ìyẹn ìran àwọn tí wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú sí Freetown ní Sierra Leone, tí wọ́n sì padà wá sílé. Bí wọ́n bá fẹ́ wá orírun wọn, orúkọ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣìnà. Ọwọ́ míṣọ́nárì àti àwọn tó ń fi owó ran ìjọ lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí Freetown ti gba orúkọ. Àjàyí tí wọ́n kó ní Òṣoogùn ní 1821 di Samuel Crowther nígbà tó ṣe ìrìbọmi ní 1825. Orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fún un. Nítorí náà, Cole méjì lè má bára wọn tan rárá. Àwọn mìíràn tún pa orúkọ òyìnbó tì lẹ́yìn náà: ní 1894 ni David Brown Vincent di Mojola Agbebi. Ẹni tó bá ń wá Agbebi nínú ìwé ọdún 1880, Vincent ni kó máa wá.

Kí ẹ tó na owó ọkọ̀, ẹ pe àwọn àgbà ilé. Ẹ má béèrè ọdún tí wọ́n bí bàbá àgbà, torí àfojúbù lásán ni wọ́n máa sọ. Oríkì orílẹ̀ ni kí ẹ béèrè, èèwọ̀ ìdílé, àti àdúgbò tí ẹni àkọ́kọ́ kọ́lé sí. Ẹ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, ẹ jẹ́ kí wọ́n ki oríkì náà dé òpin, ẹ má já lu ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní Olówógbówó, ọ̀nà Freetown ni ẹ máa gbà. Bí ó bá jẹ́ Pópó Àgùdà, Bahia ní Brazil ló yẹ kí ẹ kọjú sí.

Ẹ fi ọdún dán ìtàn ilé wò. Láti 1839 ni àwọn Sàró ti ń wọkọ̀ bọ̀ wá sílé, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìtẹ́wọ́gbà l'Ékòó, pàápàá lábẹ́ Ọba Kòsọ́kọ́, Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta ni ọ̀pọ̀ wọn sì gbà lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní ìparí 1851 ni wọ́n tó rọ́ wọ ibẹ̀. Ìdílé tó bá ní àwọn ti ń gbé Èkó láti 1845, ẹ yẹ ìwé Àgbádárìgì wò ná.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Freetown gan-an ló gba sùúrù. Nọ́ńbà, orúkọ, ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ orí, gíga, àti ilà tàbí àpá ara ló wà nínú rẹ̀. Ojú ni akọ̀wé fi wo ọjọ́ orí, nítorí náà ẹ fi ọdún márùn-ún kún un, kí ẹ sì yọ márùn-ún. Gíga dára jù ú lọ, torí wọ́n wọ̀n ọ́n ni. Etí akọ̀wé ló sì kọ orúkọ: Crowther fúnra rẹ̀ kọ Àjàyí ní "Ajai", Koelle, míṣọ́nárì ará Jámánì, nínú ìwé rẹ̀ ti 1854 sì ń fi "ds" kọ j wa. Ẹ kọ ọ̀nà mẹ́fà tí orúkọ náà lè gbà hàn sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì wá "Yorùbá" níbẹ̀. Aku ni wọ́n ń pè wá, nítorí "ẹ kú" tí a fi ń kí ara wa. Orúkọ 91,491 èèyàn láti ìwé Freetown àti Havana wà lórí ìkànnì SlaveVoyages lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n Àjàyí, Òjó àti Àìná jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá, wọ́n pọ̀ bí eṣú. Bí ọdún tí ọkọ̀ dé àti ọjọ́ orí kò bá bá ìtàn ilé mu, ẹ má sọ pé ẹ ti rí i.

Káàdì òǹkàwé ní Kew, níbi tí ilé àkójọ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì (The National Archives) wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè fi fóònù ya ìwé. Nínú nọ́ńbà àkójọ ìwé ibẹ̀, FO 84 àti FO 315 ni ti òwò ẹrú, CO 267 ti Sierra Leone, CO 147 ti Èkó. Èyí ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró: láti 1874 sí 1886, abẹ́ Gold Coast ni Èkó wà, CO 96 ni lẹ́tà rẹ̀ ìgbà náà wà. Ìwé CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nárì ìjọ Áńgílíkà, wà ní Birmingham. CA2 ni ti míṣọ́nù Yorùbá títí di 1880, lẹ́yìn náà G3 A2. Ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ àwọn katikíìsì níbẹ̀ máa ń dárúkọ ọmọ ìjọ, ìlú wọn, àti ẹni tó rà wọ́n padà.

Ẹjọ́ ilẹ̀ ní kóòtù Súpíríìmù Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1876, kún fún ìtàn ìdílé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí ń wá, kì í ṣe òtítọ́. Ẹ ka ẹnu olùpẹjọ́ àti ti olùjẹ́jọ́ pọ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì gbà láìjiyàn ni kí ẹ dì mú. Ẹ ṣọ́ra fún ògbufọ̀ pẹ̀lú: ẹlẹ́rìí ní "ẹ̀gbọ́n mi", akọ̀wé kọ ọ́ bí ọmọ ìyá, ó sì lè jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá, tàbí ẹrú ilé tó kàn jù ú lọ lọ́jọ́ orí.

Òkúta ibojì ì bá parí ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn, àmọ́ wọ́n ti tú ibojì Ajẹ́lẹ̀ ká ní àwọn ọdún 1970. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá ní fọ́tò ìsìnkú tí wọ́n yà níbẹ̀, ẹ má fi ti iwájú nìkan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ orúkọ sí.