Ẹ má ṣe dí àgbàlá yín

Ọdún 2016 ni mo fi páànù bo àgbàlá ilé bàbá wa n'Íbàdàn. Agbo-ilé alámọ̀ àtijọ́ ni: yàrá yí ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú yàrá, àgbàlá láàárín tó ń wo ojú ọ̀run. Òjò ń rọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi náà sì ń fẹ́ pálọ̀ ńlá. Mo gé igi òroǹbó tó wà níbẹ̀, mo da kọnkéré sórí erùpẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà jáde wò ó, ohun tí wọ́n sọ ò ju pé, "Ọmọ mi, o mà ti dí ilé yìí nímú."

Ẹ̀ẹ̀rùn ò tíì dé ìdajì tí ohun tí wọ́n wí fi yé mi. Fáànù ń fẹ́ ooru, àwọn ọmọ ń gbé ẹní jáde sẹ́nu ọ̀nà lóru.

Ògiri amọ̀ nípọn, ó máa ń pẹ́ kí ooru ọ̀sán tó là á kọjá. Ṣùgbọ́n ooru tó bá fà mu gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde lóru. Àgbàlá nibẹ̀. Ooru á gbabẹ̀ gòkè lọ sójú ọ̀run, afẹ́fẹ́ tútù á rọra sọ̀ kalẹ̀ wọ yàrá. Èmi wá dé e pa bí ẹni fi ọmọrí dé ìkòkò, lọ́sàn-án páànù ọ̀hún fúnra rẹ̀ á tún gbóná janjan.

Mo tú u ní 2019. Ilé tutù díẹ̀, kò tó ti tẹ́lẹ̀. Kọnkéré ló fà á, àti igi tí mo gé. Ní Ìbàdàn, oòrùn máa ń dúró sí àtàrí wa gan-an lọ́sàn-án oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Nígbà yẹn, kò sí ògiri tí òjìji rẹ̀ lè dé àárín àgbàlá. Àfi igi. Mo fọ́ kọnkéré náà, ọ̀nà ẹsẹ̀ nìkan ni mo fi sílẹ̀, mo tún igi gbìn.

Ẹnì kan ní kí n ṣe omi tó ń tú jáde bíi ti ilé àwọn ará Marrakech, ìlú kan ní Morocco. Afẹ́fẹ́ tiwọn gbẹ, omi lè tu ibẹ̀ lára. Tiwa kún fún ọ̀rinrin, àfi lásìkò ọyẹ́. Atẹ́gùn ni kí ẹ máa wá: fèrèsé níhà méjèèjì yàrá, àbáwọlé tí nǹkan kan ò dí. Jẹnẹrétọ̀ àti dúrọ́ọ̀mù ló wà ní tiwa, mo kó wọn kúrò.

Ní ti òjò, mo fa etí òrùlé gùn síwájú, mo sì hú ojú àgbàrá tí àwọn àgbà là, èyí tí mo ti da kọnkéré bò. Omi ń gbabẹ̀ lọ báyìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbẹ. Owó rẹ̀ ò tó ìdajì owó páànù.