Ẹ má gba "a ti tún un ṣe" láìsí ìwé: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí chip DAC

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣe ẹ̀rọ ohùn, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín fi àbájáde àyẹ̀wò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi tayọ̀tayọ̀. Ó fi ìró 1,000 Hz kan ṣoṣo sínú DAC (ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà inú fáìlì orin di ohùn) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, ó gbé e dé òkè téńté, ẹ̀rọ sì sọ fún un pé àbàwọ́n inú ohùn náà kò tó 0.0005%. Ó ní ọjà ti yá. Mo ní kó dúró ná. Ọ̀nà yìí kan náà ni púpọ̀ nínú yín ń tọ̀, mo sì mọ ibi tó ń já sí.

Èkíní, ẹ má fi ìró kan ṣoṣo dá DAC láre. Orin kì í ṣe ìró kan, kì í sì í wà lókè téńté nígbà gbogbo. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò SMPTE fi wà: 60 Hz àti 7,000 Hz lẹ́ẹ̀kan náà, kí ti ìsàlẹ̀ lágbára ju ti òkè lọ ní ìlọ́po 4. Bí nǹkan kan kò bá tọ́, ẹ ó rí ìró àjèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ 7,000 Hz, ní 6,940 àti 7,060. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti −60 dB (dB ni òṣùwọ̀n agbára ohùn, 0 sì ni òkè téńté), kí ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí dé 0. Bí ohùn ṣe ń lágbára sí i ni ìlà àbàwọ́n inú gíráàfù gbọ́dọ̀ máa sọ̀kalẹ̀. Bó bá yọ iké láàárín, ẹ má kó ọjà kankan jáde.

Èkejì, ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè 0. CD ń wọn ohùn nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdámẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 11,025 Hz. Bí ìró 11,025 Hz bá bọ́ sí ibi tí wọn kò ti wọn góńgó rẹ̀ gan-an, ìgbì tó máa jáde lè fi 3 dB ga ju nọ́ńbà tó ga jù nínú fáìlì lọ. Chip tí kò ní àyè nínú filter rẹ̀, ibi tó ti ń tún ìgbì ohùn tò, yóò gé e lórí. Ilé iṣẹ́ Benchmark ní Amẹ́ríkà kò fi èyí pamọ́: wọ́n kọ ọ́ síta, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀, wọ́n sì fi àyè 3.5 dB sínú DAC2 wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn títí dòní.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta chip fún yín, èyí kò sì ṣeé sọ ní gbólóhùn méjì.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2020, iná sọ ní ilé iṣẹ́ AKM ní ìlú Nobeoka, ní Japan. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jó. Chip DAC wọn wà nínú ẹ̀rọ káàkiri ayé. Kò pẹ́ tó fi di ohun àwátì. Ilé iṣẹ́ kékeré tí mo wà nígbà náà ní England ní láti tún bọ́ọ̀dù wa yà fún chip ilé iṣẹ́ mìíràn. N kò ní dárúkọ wọn. Kí wọ́n tó fún wa ní datasheet, ìyẹn ìwé àlàyé chip náà, wọ́n ní ká fọwọ́ sí ìwé pé a kò ní fi í han ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ àbúrò fún mi níbi iṣẹ́, ọmọ Yorùbá, ló ya sẹ́kíìtì náà. Àwòrán àpẹẹrẹ tó wà nínú ìwé wọn ló tẹ̀ lé; kò yí resistor kan, kò yí capacitor kan.

Mo gbé e sórí tábìlì àyẹ̀wò, iké yọ. Láti bíi −40 dB ni ìlà ti gbéra sókè, ó kọjá −20 dB kó tó padà sílẹ̀. Àárín ibẹ̀ gan-an ni púpọ̀ nínú orin ń gbé.

Mo kọ̀wé sí wọn, mo fi gíráàfù kún un. Wọ́n ní oníbàárà mìíràn kankan kò ráhùn irú èyí rí, ká lọ yẹ bọ́ọ̀dù wa wò. Ọ̀gá wa gbà wọ́n gbọ́. Lójú tirẹ̀, ilé iṣẹ́ tó tóbi tó báyẹn kò lè tẹ àwòrán tí kò dára jáde, nítorí náà ọmọ tó ya bọ́ọ̀dù ló jẹ̀bi. Wọ́n bá a wí níwájú gbogbo wa. Mo fi àwòrán wọn àti tiwa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo ní kí wọ́n fi ìyàtọ̀ kan ṣoṣo hàn mí. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ọmọ náà tún un yà, ó pààrọ̀ páwà sọ́pláì, ó ń sùn sí ọ́fíìsì. Iké wà níbẹ̀. Kó tó pé ọdún, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́ báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ já fáfá ju tèmi lọ, ó sì ń dùn mí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ohun tó fa iké náà rèé. Chip irú èyí ń tú kọ́rẹ́ǹtì jáde, op-amp, chip kékeré mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló ń sọ ọ́ di fóltéèjì. Pẹ̀lú orin, chip náà tún ń da ariwo tó ga dé mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì lu op-amp. Etí kò lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí resistor àti capacitor tó yí op-amp ká kò bá bá a mu, op-amp kò ní lè bá ariwo náà sáré, yóò sì sọ ọ́ di àbàwọ́n tí etí ń gbọ́. Mo dín resistor kù, mo fi kún capacitor, iké rọlẹ̀. Mo tún fi kún un, ó pòórá. Ọmọ tí wọ́n dá lẹ́bi ti lọ nígbà náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀dà tuntun datasheet wọn dé. Mo ṣí i. Nọ́ńbà àwòrán àpẹẹrẹ ti yí padà, ó ti sún mọ́ tèmi. Ojú ìwé tí wọ́n ti ń to àtúnṣe kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n ní "a ti tún un ṣe." Ta ló sọ fún àwọn tó ti fi àwòrán àtijọ́ kọ́ bọ́ọ̀dù? Kò sí. Ìwé tí a fọwọ́ sí kò sì jẹ́ kí ilé iṣẹ́ méjì tí ìyà kan náà ń jẹ lè fi gíráàfù wé ara wọn, nítorí náà ẹnì kọ̀ọ̀kan rò pé òun nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ ni "oníbàárà mìíràn kankan kò ráhùn" ṣe rọrùn láti sọ.

Intel ti gba ọ̀nà yìí rí. Ní 1994, Thomas Nicely, olùkọ́ ìṣirò ní Virginia, rí i pé Pentium, chip kọ̀ǹpútà wọn, ń pín nọ́ńbà kan ní àṣìṣe. Intel ti mọ̀ ṣáájú kó tó sọ ọ́, wọ́n sì ní kò lè kan ènìyàn lásán. Ìgbà tí ariwo pọ̀ ní oṣù kejìlá ni wọ́n tó gbà láti pààrọ̀ chip fún ẹni tó bá béèrè, ó sì ná wọn ní 475 mílíọ̀nù dọ́là. Lónìí, Intel ń tẹ àtòjọ àbùkù chip rẹ̀ síta, ẹnikẹ́ni lè kà á. Bí àwọn tó ń ṣe chip tó díjú tó báyẹn bá lè ṣe é, kí ló ń dí àwọn oníchip ohùn lọ́wọ́?

Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé wọ́n ti tún un ṣe, ẹ béèrè lórí ìwé: ṣé chip ni ẹ yí ni àbí àwòrán? Láti ìgbà wo? Àmì wo ló wà lára èyí tí ẹ tún ṣe? Kí ni kí ẹni tó ra ti tẹ́lẹ̀ ṣe? Bí wọn kò bá fèsì, ẹ wá chip ẹlòmíràn, kódà bí tiwọn bá pọ́ọ́kú.

Èmi náà ń dáhùn ìbéèrè yẹn. Gbogbo bọ́ọ̀dù tó ń kúrò lọ́wọ́ mi ní nọ́ńbà ẹ̀dà lára, gíráàfù SMPTE rẹ̀ wà nínú páálí. Bí mo bá yí resistor kan padà, mo ń kọ̀wé sí àwọn tó ti rà á ṣáájú, mo ń sọ èyí tí mo yí àti ìdí rẹ̀, kí ẹni tó ní soldering iron lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹni tí kò ní sì gbé tirẹ̀ wá.