Àkọ́rọ̀ Òjò àti Tírélà Òfìfo: Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ ní Ojúẹ̀lẹ́gbà

Ó ti lé ní ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń wa ọkọ̀ àjàgbé láti èbúté Àpápá lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ìlúpéjú, Ìkẹjà àti Ògbà. Mo ti wakọ̀ nínú òjò oṣù Kẹfà tó máa ń sọ ọ̀sán di òru, mo sì ti rí àgbàrá tó gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ níṣojú mi, àmọ́ òjò tó kù díẹ̀ kó gba ẹ̀mí mi kò le ju winniwinni lọ.

Ìparí oṣù Kẹta ni. Òjò kò tíì rọ̀ láti ìgbà ọyẹ́. A ti sọ kọ̀ńténà kalẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣófo, a sì ń padà lọ sí Àpápá. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Ojúẹ̀lẹ́gbà sí ìhà Sítédíọ̀mù ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ta sílẹ̀, èyí tí kò tó ohun tí ènìyàn ń tan wáípà sí. Dánfó kan já wọ iwájú mi, ó sì dúró lójijì láti gbé èrò. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí mo wo dígí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀yìn tírélà èmi fúnra mi ni mo rí tó ń yọ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn táyà rẹ̀ kò yí rárá, ńṣe ni wọ́n ń yọ̀ lórí ọ̀dà bí ìgbà tí wọ́n da omi ọṣẹ síbẹ̀. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ figbe ta: "Ọ̀gá, ẹ gbẹ́sẹ̀! Ẹ gbẹ́sẹ̀ lórí bíréèkì!" Mo gbẹ́sẹ̀. Táyà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì rọra padà sí ipò rẹ̀. Ọlọ́run ló ní kí dánfó náà ti ṣí kúrò kí a tó dé ibi tó wà.

Mo páàkì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nígbà tí a dé ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ̀rù àkọ́rọ̀ òjò ju òjò ńlá lọ, mo sì fẹ́ kí àwọn àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun orí ọkọ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, epo íńjìnnì, dísù tó ń jò lára àwọn ọkọ̀ wa, eruku àti èérún táyà máa ń kó jọ sójú ọ̀nà. Òjò ńlá máa ń fọ̀ wọ́n lọ, ṣùgbọ́n òjò kékeré kò lágbára láti fọ̀ wọ́n. Ńṣe ló ń pò wọ́n pọ̀ di ẹrẹ̀ ọlọ́ràá tí ojú kò rí. Ọ̀nà tó kún fún ọkọ̀ èbúté, bíi ti Àpápá sí Oṣódì, ló máa ń burú jù. Bákan náà ló rí ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí arọ̀kúrò bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí òjò ti dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Àbúrò mi tó ń wa ọkọ̀ àjàgbé ní Kánádà sọ fún mi pé yìnyín tó tẹ́ pẹlẹbẹ lórí afárá, tó dà bí omi lásán lójú awakọ̀, ló ń ṣe àwọn ní jàǹbá ju yìnyín tó ga dé orókún lọ, torí pé èyí tó ga, gbogbo ènìyàn ló ń rí i.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfìfo ló yà mí lẹ́nu jù. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ọkọ̀ tí kò lẹ́rù kò léwu. Ṣùgbọ́n ẹrù wíwúwo ni wọ́n ṣe bíréèkì tírélà fún. Nígbà tí kò bá sí ohunkóhun lórí rẹ̀ tó ń tẹ táyà mọ́lẹ̀, bí ènìyàn bá tẹ bíréèkì tagbáratagbára, táyà ẹ̀yìn á dúró gbọin, á sì máa yọ̀. Omi pẹ̀lú máa ń tètè gbé táyà ọkọ̀ fúyẹ́ kúrò nílẹ̀ bí eré bá pọ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ní bíréèkì íńjìnnì, ìyẹn èyí tó ń fi íńjìnnì dín eré ọkọ̀ kù, ẹ pa á bí ilẹ̀ bá ti ń yọ̀ tí ẹ̀yìn sì ṣófo, nítorí pé táyà tí íńjìnnì ń yí nìkan ló ń dá dúró, ìyẹn sì lè mú kí orí ọkọ̀ ká bí ọ̀bẹ àkásínú. Jíà tí ẹ máa fi sọ̀ kalẹ̀ afárá, òkè ni kí ẹ ti mú un.

Láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó ṣí, a máa ń fa omi kúrò nínú táńkì afẹ́fẹ́ bíréèkì. Mo máa ń ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà pẹ̀lú: 2321 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ lè dán lójú kí ó sì ti gbó nínú, n kò sì gbà kí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ ojú táyà tó ti jẹ tán fún mi mọ́, ohun yòówù kí olówó ọkọ̀ sọ.

Bí kọ̀ńténà bá sì wà lórí ọkọ̀, ẹ fi ọwọ́ ara yín kan gbogbo lọ́ọ̀kì tó dì í mú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ńténà kan já bọ́ láti orí afárá Ojúẹ̀lẹ́gbà yìí kan náà lu ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀, ènìyàn mẹ́ta kú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, òmíràn tún wó lu bọ́ọ̀sì èrò níbẹ̀, ènìyàn mẹ́sàn-án ló bá a lọ. N kò lè gba ibẹ̀ kọjá láìrántí wọn. Nígbà òjò, ihò tí omi bò lè gbé ọkọ̀ ṣẹ̀gbẹ́ kan lójijì, lọ́ọ̀kì nìkan ló sì lè di kọ̀ńténà mú nígbà náà.

Ní ti àlàfo láàárín ọkọ̀, òpó iná ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá òpó kan, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kà ní ìrọ̀rùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a kò gbọdọ̀ dé ìdí òpó náà kó tó ka márùn-ún. Nígbà òjò, kó ka mẹ́wàá. Dánfó á máa já wọ àlàfo yẹn, èmi náà á sì máa sún sẹ́yìn. Ní ọjọ́ tí òjò winniwinni tún bá wa ní Ojúẹ̀lẹ́gbà lọ́dún tó kọjá, dánfó mẹ́ta ló já wọlé níkọ̀ọ̀kan, ìgbà mẹ́ta ni ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ kíkà láti orí ení. Ó ti ń ka ìkọkànlá nígbà tí a dé òpó tó kángun sí Sítédíọ̀mù.