Kí Ẹ Tó Tú Pọ́ǹpù

Òkun o, ẹ̀yin àbúrò. Ẹ kú òógùn ojú.

Àwọn kan nínú yín ti bi mí pé níbo ni mo ti ń rí ẹ̀rọ ìfọbọ́ tún ṣe ní apá Kàbà níhìn-ín. Wọ́n wà o. Àwọn tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú òyìnbó, tí wọ́n wá kọ́lé sí Ìsánlú tàbí Mọ̀pà, inú kọ̀nténà ni wọ́n ń kó o bọ̀. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì náà ti ń rà á. Ẹ̀rọ ọ̀hún kì í sì í ṣe ọmọ àná. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Josephine Cochrane, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí tirẹ̀ ní 1886. Ohun tó yàtọ̀ nínú tirẹ̀ ni pé agbára omi ló ń fọ abọ́, kì í ṣe kànrìnkàn. Títí di òní, agbára omi náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ó pẹ́ kó tó yé mi.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo rò pé omi tuntun ni ẹ̀rọ náà ń fi fọ abọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Rárá o. Omi bíi lítà mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn náà ló sì ń yí po: pọ́ǹpù á fà á nísàlẹ̀, á tì í sínú apá afọ́nmi, ìyẹn ọ̀pá oníhò tó ń yí nínú ẹ̀rọ, omi á ta sára abọ́, á ṣàn gba inú asẹ́ padà sísàlẹ̀, pọ́ǹpù á tún fà á. Bí asẹ́ kò bá jókòó dáadáa, ìdọ̀tí tó kúrò lára àwo Táyé ló máa lọ dí ihò tí ì bá fọ àwo Kẹ́hìndé. Mo ti fi ìtayín yọ èèpo ẹ̀gúsí, ẹ̀gún ẹja, àti bébà ara ìgò tòmátò nínú ihò apá kan ṣoṣo.

Apá yẹn fúnra rẹ̀, kò sí iná tó ń yí i. Ihò kan tàbí méjì ló dagun lára rẹ̀. Omi tó ń tú níbẹ̀ ló ń ti apá náà sẹ́yìn. Ṣé ẹ ti rí họ́ọ̀sì tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ mọ́tò, tó wá ń jà nílẹ̀ bí ejò? Ohun kan náà ni. Nítorí náà, bí apá kò bá yí, ẹ má kọ́kọ́ máa wá ohun tó yẹ kó yí i. Omi ni kí ẹ máa wá.

Èmi ò wá omi lọ́jọ́ tí Màmá kan ránṣẹ́ pè mí ní Ìsánlú. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n. Abọ́ òkè ń jáde pẹ̀lú ọbẹ̀ lára, ti ìsàlẹ̀ kàn tutù lásán. Mo tan ẹ̀rọ náà, mo fetí sí i. Pọ́ǹpù ń kùn, ó sì ń dún hàrà-hàrà, bí ọmọdé tó ń fi sitírọ́ọ̀ fa ìsàlẹ̀ ìgò mínírà. Mo ní, "Màmá, pọ́ǹpù ti kú." Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ó dá ọ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Wọ́n sanwó, mo ránṣẹ́ sí Èkó, pọ́ǹpù dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo dè é, mo tan iná. Hàrà-hàrà.

Ọmọbìnrin tó ń bá wọn gbé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ló ní, "Bọ̀ọ̀dá, àtìgbà tí wọ́n ti gbé táǹkì wálẹ̀ ni kò ti fọ abọ́ mọ́."

Ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi tútù lé mi lórí. Mo jáde síta. Irin tó gbé táǹkì ti dógùn-ún, wọ́n sì ti sọ táǹkì kalẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò fi mítà méjì ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ. Mo padà wọlé, mo ka ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀rọ náà, tí ó yẹ kí n ti kà lọ́jọ́ àkọ́kọ́: agbára omi kò gbọdọ̀ dín ní báà 0.5 (báà ni òṣùwọ̀n agbára omi). Gíga mítà 10 ló ń fúnni ní báà 1, nítorí náà táǹkì gbọ́dọ̀ fi mítà 5 ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà nínú fáàfù tó ń gba omi wọlé. Agbára omi fúnra rẹ̀ ló ń gbé e sókè. Bí omi kò bá lágbára, rọ́bà náà á kàn ṣí díẹ̀, omi á máa sun wọlé, àkókò á pé kí omi tó kún, pọ́ǹpù á sì máa fa afẹ́fẹ́. Kò sí ohun tó ṣe pọ́ǹpù àkọ́kọ́.

Látìgbà yẹn, báyìí ni mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń yọ họ́ọ̀sì tó ń gbé omi wọlé, mo máa ń kì í bọ garawa, kí n wo bí omi ṣe ń wá. Asẹ́ kékeré kan wà lẹ́nu họ́ọ̀sì yẹn, kò tóbi ju ẹyọ náírà ayé àtijọ́ lọ. Iyanrìn kànga-dẹ̀rọ a máa dí i pa. Lẹ́yìn náà, mo máa ń dojú apá afọ́nmi kọ ilẹ̀kùn, kí n pa á dé, kí n tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí n sì ṣí i. Bí apá bá ṣì dojú kọ mí, kò yí nìyẹn. Bí ó bá wà níbòmíràn, ó yí nìyẹn. Bí kò bá yí, ẹ yẹ ara àwo tó ga jù wò, ó lè jẹ́ pé ìdí ìkòkò ló ń dá a dúró. Èyí tí mo bá pàdé jù náà nìyẹn, ẹ̀rín ló sì máa ń pa mí.

Láwọn ibì kan lọ́dọ̀ wa, ọṣẹ kì í hó nínú omi kànga-dẹ̀rọ. Kò kúkú yẹ kó yà yín lẹ́nu, nígbà tí Ọ̀bàjánà tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun ṣe sìmẹ́ǹtì kò jìnnà sí wa. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá gbóná, ẹfun á lẹ̀ mọ́ ihò. Ẹ yọ apá náà, ẹ rẹ ẹ sínú omi gbígbóná àti fínígà di àárọ̀, kí ẹ wá fi ẹyọ ọwọ̀ tún ihò rẹ̀ ṣe. Ọwọ̀ ni mo wí o. Nígbà kan, mo fi ìṣó gbígbóná fẹ ihò apá afọ́nmi òtẹ́ẹ̀lì kan lójú, mo rò pé omi á pọ̀ sí i. Omi pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ta mọ́. Ó kàn ń dà wálẹ̀ bí ìtọ̀ àgbàlagbà. Apá tuntun ni mo fi owó ara mi rà.

Ti ọṣẹ ńkọ́? Ẹ bi oníbàárà léèrè irú ọṣẹ tí ó ń dà sí i. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ lọ́wọ́ á hó kún inú ẹ̀rọ, pọ́ǹpù ò sì lè ti ìfófòó. Ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ fi omi lásán ṣàn án léraléra.

Pọ́ǹpù Màmá ṣì wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ní kí n máa gbé e lọ, àwọn ò ní ibi tí àwọn ó gbé e sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi dá owó wọn padà. Bí ẹ bá ya ọ̀dọ̀ mi, ẹ fi iná sí i, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún geere.