Kyoto: Bàtà tó yá bọ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀ jáde

Kyoto, ní Japan, la wà lónìí. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn tẹ́ḿpìlì Kiyomizu, yẹ́ẹ̀nì 500 sì ni owó ìwọlé. Ẹni tó bá sùn gbàgbé, ìpàkọ́ èrò ni yóò máa wò.

Pèpéle onígi tó yọ síta lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni gbogbo ayé ń wá wò níbẹ̀. Ó ga tó mítà 13. Ọdún 1633 ni wọ́n tún un kọ́. Ẹ má kàn dúró sórí rẹ̀ ya fọ́tò o. Ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ wà: wọ́n dá ihò sára òpó, igi ìdábùú gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n wá fi igi pẹlẹbẹ há a pinpin. Wọn ò kan ìṣó. Nítòsí ibẹ̀ ni omi Otowa ti ń já bọ́ lójú mẹ́ta. Ojú kan ni kẹ́ ẹ mu. Ẹni tó bá mu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kánjúwà ni wọ́n ń kà á sí.

Ẹ má pàtẹ́wọ́ ní tẹ́ḿpìlì. Ojúbọ Ṣíńtò, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Japan, ni wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹríba lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbákọ tó wà nídìí omi ìwẹ̀nùmọ́, ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi fọ̀, lẹ́yìn náà ọ̀tún. Ẹ bu omi sí àtẹ́lẹwọ́ kẹ́ ẹ tó fi yọ ẹnu. Ìgbákọ ò gbọdọ̀ kan ètè.

Òjò alẹ́ àná jẹ́ kí àtẹ̀gùn òkúta Sannenzaka, lọ́nà Kiyomizu, máa yọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀, ọdún mẹ́ta ló kù fún un láyé. Ẹ̀rọ̀ rẹ̀ wà lórí àtẹ o: àdó kékeré ni wọ́n ń tà níbẹ̀ fún un.

Ọgbà Ryoan-ji wà lápá kejì ìlú pátápátá, nítorí náà ẹ má há a mọ́ wákàtí kan. Ẹnu ọ̀nà lẹ ti máa bọ́ bàtà. Olókùn gígùn á dá yín dúró, ìbọ̀sẹ̀ tó ti lu á dójú tì yín. Òkúta 15 ló wà nínú ọgbà náà, láàárín òkúta wẹ́wẹ́ funfun tí wọ́n ha ní ìlà-ìlà. Ẹ jókòó síbi tó wù yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kẹ́ ẹ kà á: 14 ni. Ẹ sún díẹ̀, èyí tó sá pamọ́ á yọjú, òmíràn á sì wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kà á tán, wọ́n á dìde. Wọn ò ní wo ògiri amọ̀ tó wà lẹ́yìn, tí òróró tí wọ́n fi po amọ̀ rẹ̀ ti ń sun jáde, tó sì ya àwòrán sára rẹ̀ láìsí ọwọ́ ayàwòrán. Ògiri yẹn gan-an ni ká jókòó tì.

Ní Gion, àdúgbò àwọn geisha (obìnrin tó ń jó, tó ń kọrin fún àlejò), ẹ má wọ ọ̀nà tóóró tí wọ́n bá kọ ìkìlọ̀ sí. Ìtanràn rẹ̀ tó yẹ́ẹ̀nì 10,000.

Bọ́ọ̀sì ìlú: ẹ̀yìn lẹ ó gbà wọlé, iwájú lẹ ó ti sanwó bẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Yẹ́ẹ̀nì 1,000 nìkan ni owó bébà tí ẹ̀rọ ibẹ̀ ń ṣẹ́, ẹ sì ṣẹ́ ẹ kẹ́ ẹ tó sanwó.